Ọ̀rọ̀ Tí Kò Lámì Lórí

Ìbéèrè mẹ́fà ni ọkùnrin náà bi mí kó tó fọwọ́ kan ọjà kankan nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo kà á.

Ṣọ́ọ̀bù kẹrin tí mo wọ̀ lọ́jọ́ náà nìyẹn. Ní mẹ́ta àkọ́kọ́, èyí tó tóbi jù, tó ń dán jù, ni wọ́n ń sáré gbé lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní òun ni gbogbo ayé ń lò. Èyí jókòó, ó fọwọ́ ti àgbọ̀n, ó ní ta ló fẹ́ kàwé. Mo ní bàbá mi ni. Ojú wọn ńkọ́? Mo ní ó ti ń ṣú. Ṣé ọwọ́ wọn máa ń gbọ̀n? Ibo ni wọ́n ń jókòó sí kàwé, ṣé abẹ́ iná ni àbí ẹnu ọ̀nà níbi tí oòrùn ti ń wọlé? Ṣé ìwé alàwòrán ni, àbí ọ̀rọ̀ ni láti òkè délẹ̀? Ṣé wọ́n máa ń rántí fi nǹkan sí ṣáàjì?

"Ẹ jọ̀ọ́," mo ní, "ṣé ọjà lẹ fẹ́ tà fún mi, àbí bàbá mi lẹ fẹ́ fẹ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú, àǹtí mi. Ẹni tó ra bàtà láì wọn ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ ni yóò jìyà."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti sọ ọ́ ní Oníbéèrè.

Ó gbé nǹkan méjì jáde, ó kó wọn lọ sẹ́nu ọ̀nà, sínú oòrùn. Ọ̀kan jẹ́ tábúlẹ́tì. Bí oòrùn ṣe kàn án, ó di dígí, ojú ara mi ni mo rí nínú rẹ̀. Ó ní ọjà gidi ni o, fún ẹni tó fẹ́ wo àwòrán, tó fẹ́ àwọ̀ pupa àti búlúù. Àmọ́ iná rẹ̀ ló ń tàn sí èèyàn lójú, bí ẹni ń wo gílóòbù. Èkejì jẹ́ ẹ̀rọ ìkàwé, ó fẹ́lẹ́, kò ní àwọ̀ kankan, ó sì ń ṣí ojú ewé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí àgbàlagbà tó ń dìde lórí àga. Ṣùgbọ́n nínú oòrùn gan-an ló mọ́ jù, bíi pépà. Ṣáàjì rẹ̀ á lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ó tẹ nǹkan kan, lẹ́tà náà wú, ó wú, títí ó fi tó àtàǹpàkò mi.

"Èyí ni ti bàbá yín," ó ní. Lẹ́yìn náà ló rọra sọ ọ́: "Gọ́ọ̀mù wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín."

Ojú tì mí. Mo ní gọ́ọ̀mù iṣẹ́ ni, aránwèé ni wá nílé wa. Ó ní ṣé aránwèé ló wá ra èyí? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kó má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ogójì ọdún ni bàbá mi ti fi ń rán ìwé: ìwé tó já, ìwé tó tú, ìwé tí ikán ti fi ṣe oúnjẹ. N kò mọ ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tí ìyá mi kú, Bàbá gbé mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì iṣẹ́, àwọn ojú ewé tó ṣẹ́kù ló fi kọ́ mi ní ìwé kíkà. Ọwọ́ ló fi kọ́ mi ní àmì ohùn. Ohùn òkè, ọwọ́ rẹ̀ á gòkè. Ohùn ìsàlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á rọ̀ wálẹ̀ bí ewé. Ó máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ tí kò lámì lórí dà bí ilé tí kò nílẹ̀kùn: ẹni rere lè wọ̀ ọ́, olè náà lè wọ̀ ọ́.

Ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí a tó gbàdúrà, á kọ́kọ́ kì mí:

"Ọmọ abẹ́rẹ́ wọlé ó jáde, ó fi òwú sílẹ̀ ṣe ẹ̀rí. Ọmọ a-so-ewé-pọ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ. Ìwé lè já, ọ̀rọ̀ ò gbọdọ̀ já."

Á wá ṣí ìwé àdúrà tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán, á kà á sókè. Àfi òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí mo ṣàkíyèsí pé ó dorí ìwé náà kodò. Àdúrà náà ò sì ṣì rárá. Ó ti há a sórí. Ojú rẹ̀ kò rí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́, kò sì fẹ́ kí n mọ̀. N kò lè jókòó. Mo bọ́ síta, mo ń wọ ṣọ́ọ̀bù kan jáde wọ òmíràn bí adìẹ tó fẹ́ yé tí kò ríbi yé sí.

Bàbá ò kọ ẹ̀rọ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní awò ojú ni, kì í ṣe ìwé. Ohun tó kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀ ni pé, nígbà tí Oníbéèrè kó ìwé àdúrà rẹ̀ sínú ẹ̀rọ náà, gbogbo lẹ́tà tó bá ní àmì lórí tàbí lábẹ́ ló yọ bí àpótí kékeré. Bàbá ní, "Àpótí ti pọ̀ jù nínú àdúrà mi. Ṣé ẹrù ni mò ń kó lọ sọ́run ni?"

Oníbéèrè wá sílé wa láti tún un ṣe. Ó tún un ṣe, ó kù díẹ̀. Ó tún wá. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ ò níṣòro kankan mọ́, Oníbéèrè ṣì ń wá tún un ṣe.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń fa òwú la ẹ̀yìn ìwé kan kọjá, ó di ìdí òwú náà mú.

"Adé orí mi," ó ní, "ara mi ò lélẹ̀ mọ́. Tí mo bá wà ní ṣọ́ọ̀bù, ibí lọkàn mi wà. Tí mo bá wà níbí, mò ń bẹ̀rù ìgbà tí mo máa dìde. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ."

"Ìbéèrè wo wá nìyẹn?"

"Kì í ṣe ìbéèrè."

Inú mi dùn, ẹ̀rù bà mí, abẹ́rẹ́ sì gún mi. Mo ní èmi náà nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó lọ bá bàbá mi sọ̀rọ̀.

Ó mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin dání. Àbúrò bàbá mi náà wà níbẹ̀, ẹni tí a ń pè ní Àǹtí Òótọ́ nítorí pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ mì. Kí àlejò tó jókòó tán ló ti ní ológbò kì í bá eku ṣe àna. Ẹ̀rọ tí ọkùnrin yìí ń tà ló ń lé ìwé kúrò lórí tábìlì wa. Bàbá jẹ́ kó sọ tirẹ̀ tán.

"Ojú mi ń ṣú, àmọ́ mo rí èyí," ó ní. "Iná tó ń jó ilé mi, n kò ní fọmọ mi ṣe igi fún un. Fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, kí o wá bá wa rán ìwé, kí o fẹ́ ẹ. Tí o ò bá lè fi í sílẹ̀, fi òun sílẹ̀. Lọ rò ó fún ọjọ́ méje. Má pè é, má wá a. Lọ́jọ́ keje, yálà bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí o fẹsẹ̀ ara rẹ wá wí i."

Oníbéèrè gbà. Ó bọ́ sọ́nà láti lọ bá ìyá rẹ̀. Ẹ̀rọ Bàbá wà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé ó ní àpótí kan ṣoṣo ṣì kù tí òun fẹ́ yọ; ó fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó tó lọ. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé e padà wá, ó sì fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní àbúrò òun ní èsì wà nínú rẹ̀, lójú ewé àdúrà òwúrọ̀. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ pè, wọ́n ní kò gbọdọ̀ wá; kò sẹ́ni tó ní kò gbọdọ̀ kọ.

Mo tẹ àdúrà òwúrọ̀. Ọ̀rọ̀ náà yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àmì tó fi gbogbo ọ̀sẹ̀ tò sínú àdúrà Bàbá, kò sí wọn níbi tí a ti ń tẹ ọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ yẹn. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí:

N o fi ise mi sile. N o fe o.

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. N ó fi iṣẹ́ mi sílẹ̀, n ó fẹ́ ọ. Mo gbé ẹ̀rọ náà mọ́yà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. N kò tíì dé ẹnu ọ̀nà yàrá tí ohùn mìíràn fi sọ ọ́ nínú mi. N ò fi iṣẹ́ mi sílẹ̀. N ò fẹ́ ọ.

Mo jókòó. Mo dìde. Mo tún jókòó.

Láti ìgbà náà ni n kò ti rí ìsinmi. Bí mo bá jí, òkè ló máa ń gbà. Tó bá di ọ̀sán, á rọ̀ wálẹ̀. Mo gbàdúrà lé e lórí, mo sì bá ara mi níbi tí mo ti ń bẹ Ọlọ́run nítorí àmì tí kò ju ìrù kòkòrò lọ. Kí ọwọ́ mi lè ríṣẹ́ ṣe, mo gé awọ, mo fẹ́ rán aṣọ fún ẹ̀rọ Bàbá. Mo rán an tán, mo tú u. Mo tún un rán, mo tún un tú. Àǹtí Òótọ́ kọjá, ó ní ṣé awọ ló ṣẹ̀ mí ni.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹfà, mo gbé ẹ̀rọ náà fún Bàbá nínú aṣọ rẹ̀. Kò ṣí i. Ìka rẹ̀ ń rìn létí awọ náà, ó lọ, ó bọ̀.

"Ihò abẹ́rẹ́ inú awọ yìí ju òwú rẹ̀ lọ," ó ní. "Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lo tú u. Èmi ni mo kọ́ ẹ níṣẹ́, o kì í tú nǹkan lẹ́ẹ̀mejì. Kí ló ń ṣe ọ́?"

Omi bọ́ lójú mi. Mo tẹ ojú ewé náà fún un. Lẹ́tà tó tó àtàǹpàkò bo gbogbo ojú ẹ̀rọ. Ó kà á, ó pẹ́ lórí rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ gòkè díẹ̀, ó rọ̀ wálẹ̀, ó tún gòkè. Ó béèrè bí mo ṣe kà á. Mo ní ọ̀nà méjì ni.

"Méjì péré lo rí?" Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní a ò ní méfò. Ẹni tó kọ́lé sílẹ̀ láìnílẹ̀kùn ni yóò wá gbé ilẹ̀kùn sí i.

Oníbéèrè dé lọ́jọ́ keje, pẹ̀lú eruku ọ̀nà lẹ́sẹ̀. Ó ti rù. Kó tó la ẹnu, Bàbá ti na pépà àti bírò sí i. Ó ní kó kọ ohun tó kọ sínú ẹ̀rọ síbẹ̀, kó wá fi àmì sí i.

Ó wo pépà, ó wo ẹ̀rọ, ó wò mí. Mo rí i bó ṣe yé e.

"Ọjọ́ mélòó lo ti fi ń ka eléyìí?"

"Ọjọ́ márùn-ún," mo ní.

Ó mi orí, ó tẹ̀ sórí tábìlì iṣẹ́. Ó kọ gbólóhùn àkọ́kọ́. Bírò náà bẹ̀rẹ̀ lókè, ó sọ̀ wálẹ̀. Kò ní fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Àǹtí Òótọ́ pòṣé, ó ní òun kúkú ti wí. Oníbéèrè ń kọ ìkejì, n kò lè wò ó. Orí abẹ́rẹ́ tó wà lórí tábìlì ni mo tẹjú mọ́.

Bàbá gba pépà náà. Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà nínú oòrùn. Lẹ́yìn náà ló nà án sí mi.

"Ó kéré jù fún ojú mi. Kà á."

Mo wò ó. Lórí èkejì, àmì náà ń gun òkè.

"N ò fi iṣẹ́ mi sílẹ̀," mo kà. "N ó fẹ́ ọ."

Bàbá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ìdí tí kò fi kúkú parọ́, kó gbọmọ tán, kó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

"Bàbá, mo wá sílé yín nítorí àdúrà tí ojú yín ò rí kà," Oníbéèrè dáhùn. "Irú yín pọ̀ nígboro. Tí mo bá kúrò ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, ta ni yóò bi wọ́n ní ibi tí wọ́n ń jókòó sí? Mo fẹ́ràn ọmọ yín ju iṣẹ́ lọ. Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè fi irọ́ fẹ́ ẹ."

Àǹtí Òótọ́ ya ẹnu, kò sí nǹkan kan tó jáde. Ọ̀rọ̀ tòótọ́ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá padà sórí àga rẹ̀. Ó gbé ẹ̀rọ náà lé itan, ó ń fọwọ́ pa awọ tó wà lára rẹ̀, níbi tí ihò ti pọ̀ ju òwú lọ.

"Èyí náà ń fẹ́ aṣọ wọ̀," ó ní. "Ọmọ mi sì mọ̀ ọ́n rán." Ó kọjú sí Oníbéèrè. "Máa ṣe iṣẹ́ rẹ, ọmọ mi."

Ó ti pẹ́ tí n kò ti gbọ́ kó pe ẹlòmíràn ní ọmọ rẹ̀. Mo fẹ́ kúnlẹ̀ dúpẹ́, ó ṣẹ́wọ́ sí mi.

"Gbólóhùn kejì yẹn, n ò gbọ́ ọ dáadáa. Tún un kà."

N kò wo pépà mọ́. Ojú Oníbéèrè ni mo wò, mo tún un kà. Bí ohùn mi ṣe ń gòkè, ọwọ́ bàbá mi gòkè pẹ̀lú rẹ̀, kò sì tètè sọ̀ kalẹ̀.