Ife Aláwọ̀ Ewé

"Ẹ gbọ́, ẹ gbọ́!" Aláwàdà, ọmọ kíláàsì wa, gun orí àga, ó gbé rúlà sẹ́nu bíi máìkì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. "Ẹ kúùrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin, ẹ̀hún, ẹ̀yin olólùfẹ́ orin rọ́ọ̀kì, ẹ̀hún, ẹ̀hún!"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́ ìyẹn, nítorí níbi ẹ̀rín yẹn ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin tí Aláwàdà ń sín jẹ, bàbá mi ni.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ni bàbá mi ní iléeṣẹ́ rédíò kékeré kan tó wà lókè ilé ìfìwéránṣẹ́. Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ gbogbo Sátidé, á gbé orin rọ́ọ̀kì sáfẹ́fẹ́ fún wákàtí kan: gìtá tó ń ké, ìlù tó ń bú, àwọn ọkùnrin onírun gígùn tí wọ́n ń pariwo bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Kì í sọ̀rọ̀ lórí ìbẹ̀rẹ̀ orin láéláé. Ó ní olórin ló ni ibẹ̀, pé sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó bá ń rojọ́ lórí gìtá kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Bí orin bá parí, á wá ka èrò àwọn olùgbọ́. Òfin kan ló fi de ara rẹ̀: gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ tó bá wọlé, ìyìn ni o, èébú ni o, ó gbọ́dọ̀ kà á, kò sì gbọ́dọ̀ fo ọ̀rọ̀ kan.

Àwọn olùgbọ́ náà kì í sì í gbẹ́nu dákẹ́. Mẹkáníkì kan wà tó gbà pé ọjọ́ tí wọ́n ti fi dùùrù sínú rọ́ọ̀kì ni orin náà ti bàjẹ́. Nọ́ọ̀sì kan á dá a lóhùn pé etí rẹ̀ ló bàjẹ́, kó wá kí òun bá a fọ̀ ọ́. Bàbá mi á ka tibí, á ka tọ̀hún, á rẹ́rìn-ín títí ikọ́ á fi gbé e. Ikọ́ yẹn ti wà lára rẹ̀ láti bí ọdún kan. Ó ní eruku àwọn àwo orin àtijọ́ ni.

Lọ́dún yẹn, ọ̀gá iléeṣẹ́ rédíò kéde pé ètò ti pọ̀ jù, pé èyí tí àwọn olùgbọ́ kò bá fẹ́ mọ́, àwọn máa gbé e kúrò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fún àwọn èèyàn láti fi èrò wọn ránṣẹ́. Ọkàn bàbá mi kò balẹ̀ mọ́. "Ọmọ mi," ó sọ fún mi nídìí oúnjẹ àárọ̀, "tí wọ́n bá gba wákàtí kan yìí lọ́wọ́ mi, kí ló tún kù fún mi?"

"Ẹ má dààmú, Dádì, kò sẹ́ni tó máa gbà á." Mo sọ ọ́ tán, mo gbé báàgì mi, ó di iléèwé, lọ́dọ̀ Aláwàdà.

Aláwàdà ni ọmọbìnrin tí gbogbo wa fẹ́ bá jókòó. Bó bá pè ọ́ lọ́rẹ̀ẹ́, o ti dé nìyẹn. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ lórí àga lọ́jọ́ tó ń sín bàbá mi jẹ yẹn, ó wò mí lójú. "Ẹnì kan ní bàbá ẹ ni oníkọ́ yẹn."

"Bàbá ta? Bàbá tèmi?" Mo pòṣé. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Mi ò mọ̀ ọ́n rí."

"Ó dáa, kọ èrò tìẹ ránṣẹ́ ká rí i." Ó na fóònù rẹ̀ sí mi. Àwọn yòókù ti yí wa ká.

Mo lè ní rárá. Kò sẹ́ni tó fún mi lọ́rùn. Àmọ́ ojú wọn wà lára mi, mo sì fẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín, ni mo bá gba fóònù. Mo pe ara mi ní Olùgbọ́ Òdodo, mo sì kọ ọ́ pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà wá lọ́wọ́ arúgbó yìí. Ariwo ló ń pè lórin. Ohùn rẹ̀ ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Gbogbo ìgbà ló ń mu omi gbígbóná nínú ife aláwọ̀ ewé rẹ̀ tó ti kán lọ́wọ́, síbẹ̀ ikọ́ kò lọ. Ẹ jẹ́ kó lọ sinmi nílé."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Aláwàdà gbá mi mọ́ra. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, àmọ́ inú mi dùn lọ́jọ́ náà.

Nígbà tó di Sátidé, èmi àti ìyá mi jókòó ti rédíò ní pálọ̀, à ń ká aṣọ. Bàbá mi ka ti mẹkáníkì, ó ka ti nọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn náà ló ní, "Èyí tó kàn wá láti ọ̀dọ̀ Olùgbọ́ Òdodo."

Òfin rẹ̀! Èmi tí mò ń gbé inú ilé rẹ̀, báwo ni mo ṣe gbàgbé pé á kà á?

Ó kà á. Ó ka arúgbó, ó ka ariwo, ó ka ilẹ̀kùn tí kò rí epo. "Gbogbo ìgbà ló ń mu omi gbígbóná..." Ohùn rẹ̀ dúró. Mo gbọ́ bó ṣe gbé nǹkan kan kalẹ̀ lórí tábìlì, jẹ́jẹ́. Ó wá ní, "...síbẹ̀ ikọ́ kò lọ. Ẹ jẹ́ kó lọ sinmi nílé."

Ó ti fo ife. Bàbá mi tí kì í fo ọ̀rọ̀ kan! Ta ló ń rí ife lórí rédíò? Òun nìkan ló máa ń wà nínú yàrá tó ti ń ṣe ètò rẹ̀. Ife náà sì rèé, èmi ni mo ń fọ̀ ọ́, èmi ni mo ń kì í sínú àpò rẹ̀ ní gbogbo Sátidé. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ó ti mọ̀.

"Ẹni tó kọ èyí," bàbá mi ní, ohùn rẹ̀ rọ̀, "mi ò bínú. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n dáwọ́ gbígba èrò dúró. Tó bá jẹ́ ohun tó wà lọ́kàn ẹ nìyẹn, mo gbà. Tí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, tún òmíràn kọ. Màá kà á." Ó fi orin sí i, kò sì sọ̀rọ̀ lórí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ìyá mi kọ háà. "Irú ọmọ wo nìyí? Ṣé òun ò ní bàbá ni?" Mo tẹ orí ba, mò ń ká aṣọ kan náà lọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni bàbá mi fi dúró dè mí. Ó ń wọlé, ó ń jáde, á ní, "Ṣé o ti jẹun?" Kò bi mí ní nǹkan mìíràn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbé fóònù ìyá mi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbé e sílẹ̀. Ìtìjú ni. Mo ń sọ fún ara mi pé ó di ọ̀la. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó béèrè lórí afẹ́fẹ́, "Ṣé Olùgbọ́ Òdodo tún kọ̀wé?" Ó wá dá ara rẹ̀ lóhùn, "Kò kọ."

Ọ̀rọ̀ mi ti ń rìn kiri ní tirẹ̀. Àwọn tí kò gbọ́ ètò náà rí ń pín in lórí fóònù, wọ́n ń kọ̀wé sí iléeṣẹ́ rédíò pé bí Olùgbọ́ Òdodo ṣe wí ni àwọn náà wí. Mẹkáníkì àti nọ́ọ̀sì jà fitafita, ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí ẹnu wọn kò, àmọ́ apá wọn ò ká a. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, ọ̀gá iléeṣẹ́ gbé wákàtí bàbá mi fún àwọn tó ń rojọ́ bọ́ọ̀lù.

Ó kó àwọn àwo orin rẹ̀ wálé nínú páálí méjì. Bí aago mẹ́rin bá lù ní Sátidé, á jókòó síwájú rédíò tí kò tan. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ikọ́ gbé e dé ọsibítù. Kì í ṣe eruku. Jẹjẹrẹ ni, ọ̀nà ọ̀fun ló wà. Kí wọ́n tó lè dá ẹ̀mí rẹ̀ sí, wọ́n yọ gògóńgò rẹ̀. Ohùn tí mo fi wé ilẹ̀kùn lọ pátápátá.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ni mo ti kúnlẹ̀. "Dádì, èmi ni. Èmi ni Olùgbọ́ Òdodo."

Ó mú bírò, ó kọ ọ́ sínú ìwé: "Mo mọ̀. Kò sẹ́ni tó ń rí ife lórí rédíò."

Mo bú sẹ́kún. "Kí ló dé tí ẹ ò bá mi wí?"

"Mò ń dúró kí o sọ ọ́ fúnra ẹ." Ó tún kọ ọ́: "Orin náà ńkọ́? Ṣé lóòótọ́ lo ò fẹ́ràn rẹ̀?"

"Mo fẹ́ràn rẹ̀, Dádì. Láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀."

Ó wò mí títí. Ó tún gbé bírò. "Èyí gan-an ló wù mí kí n kà."

Nígbà tí a padà sílé, a wá ohùn rẹ̀ lọ sí iléeṣẹ́ rédíò. Wọn kì í tọ́jú ètò níbẹ̀; bí wọ́n bá ti lò ó tán, wọ́n á pa á rẹ́. Mẹkáníkì ló gbà wá. Ó ti fi fóònù rẹ̀ gba ètò kan ṣoṣo sílẹ̀, nítorí pé èrò tirẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ kà lọ́jọ́ náà. Sátidé yẹn ni. Gbogbo ohùn bàbá mi tó ṣẹ́ kù láyé rèé, èébú tèmi ló sì ń kà nínú rẹ̀.

A máa ń gbọ́ ọ ní aago mẹ́rin, èmi àti òun. Bó bá ti dé ibi tí ohùn náà ti dúró, tí ife ń kanlẹ̀, bàbá mi á gbé ọwọ́ lé ọwọ́ mi. Mi ò tíì gbọ́ ọ kí n má sunkún.

Aláwàdà ti gbàgbé. Nígbà tí mo rán an létí, ó ní, "Áà, ìgbà wo nìyẹn?" Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ tí ẹ ò bá lè fi orúkọ ara yín sí, ẹ má kọ ọ́ láti fi wá ọ̀rẹ́. Tí ẹ bá sì ti kọ ọ́, ẹ tètè lọ bẹ ẹni tí ẹ kọ ọ́ sí, nígbà tó ṣì lè la ẹnu dá yín lóhùn. Èmi pẹ́ kí n tó lọ.