Ìwé tí Ìyá Gbé Sẹ́sẹ̀ Saraswati

"Di ẹrù rẹ, kó o padà sílé bàbá rẹ kílẹ̀ tó ṣú. Tuli kò ní bá ọ lọ."

Ohun tí Tapobrata sọ fún Kajori ìyàwó rẹ̀ nìyẹn. Ṣé òun náà ni wọ́n máa gba Tuli, ọmọ rẹ̀ ọdún mẹ́rin, lọ́wọ́ rẹ̀?

Fóònù ló kó bá a. Tapobrata ló rà á fún un, tó ní ìwé ìrántí tí Kajori ń fọwọ́ kọ lójoojúmọ́ ti di ti ayé àtijọ́, kó máa tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù. Kajori gbìyànjú fún ọ̀sẹ̀ kan, ó tún padà sídìí ìwé rẹ̀. Shefali, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lò ó, ó sì mọ nọ́ńbà tó ń ṣí i. Inú obìnrin yìí mà burú o! Látìgbà tó ti gbọ́ pé Kajori ni ìyá ọkọ wọn fẹ́ kó kọ́kọ́rọ́ ilé lé lọ́wọ́, kò jẹun kó dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Òun ló ń ka fóònù náà sétí gbogbo ilé. "'Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì. Mo jókòó sétí odò pẹ̀lú Subir, mo ń tẹ èyí bó ṣe di ọwọ́ mi mú.' Ọjọ́ olólùfẹ́ ló tún yàn. Aláìnítìjú."

"Bàbá Tuli, ẹ wo ìwé tí mo fọwọ́ kọ. Kò sí Subir kankan níbẹ̀."

Tapobrata ní èyí tó fẹ́ káwọn rí ló wà nínú ìwé, inú fóònù ló kó ọkàn rẹ̀ pamọ́ sí.

Ìyá ọkọ wọn, Hemnalini, nawọ́ gba ìwé náà. Ó ní kí Shefali tún ọjọ́ náà kà. Ó ṣí ìwé Kajori síbẹ̀. Ojú ewé náà ṣófo, òdòdó gbígbẹ kan ló wà níbẹ̀.

"Ọjọ́ yẹn lọdún Saraswati, òrìṣà ìmọ̀ àti ìwé, bọ́ sí. Ta ló ń kọ̀wé nínú ilé yìí lọ́jọ́ tí ìwé àti bírò wà lẹ́sẹ̀ òrìṣà? Ìwé yìí ni mo gbé síbẹ̀. Mo gbé fóònù rẹ̀ lé e lórí, torí ó ti fi òun náà kọ̀wé rí. Ọwọ́ mi ni mo fi so wọ́n pọ̀, n kò sì tú wọn títí di ọjọ́ kejì."

Shefali tún fóònù náà wò. Ó ní bóyá òun ṣi ọjọ́ náà kà ni. Tapobrata gba fóònù, ó wò ó: kẹrìnlá.

Ìyá bèèrè ẹni tó tún mọ nọ́ńbà tó ń ṣí i.

"Ìyálé mi nìkan ni," ni Kajori wí.

Shefali kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀, ó jẹ́wọ́ pé òun lòun tẹ ọ̀rọ̀ Subir sínú fóònù náà. Ọkọ tirẹ̀ kò wò ó. Ó ní ẹrù tí wọ́n ní kí Kajori dì, Shefali ni yóò gbé irú rẹ̀ lọ sílé bàbá rẹ̀. Ìyá tú kọ́kọ́rọ́ ilé létí sárì tó ró mọ́ra, ó so ó mọ́ etí ti Kajori.

Tapobrata wá ń bẹ ìyàwó rẹ̀. Kajori gbé Tuli lé itan, ó mú bírò, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lójú ọkọ rẹ̀: "Lónìí, ọkọ mi gba fóònù gbọ́ jù mí lọ."

Ọkọ rẹ̀ dúró níbẹ̀, ó ń kà á.