Sípíríìtì Kì í Ṣe Ògógóró

"Ìdára, àbí o fẹ́ ká jókòó lásán títí ìdánwò yóò fi dé bá wa ni?"

Leah ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn láàbù, ó sì ń wo kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ bí ẹni tébi ń pa ṣe ń wo ìkòkò ọbẹ̀. Ọ̀sán Sátidé ni. Ẹ̀kọ́ àfikún ti parí, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní kíláàsì àṣekágbá ti túká, Ọ̀gbẹ́ni Olúsànyà tó ń kọ́ wọn ní kẹ́místírì sì ti gun ọ̀kadà lọ sí ìpàdé kan ní Òde-Ìrèlè.

Ìdáraolúwa ni wọ́n fi ṣe pírífẹ́ẹ̀tì láàbù ní ilé-ẹ̀kọ́ wọn ní Àyèká. Òun ló máa ń gbálẹ̀ yàrá náà, tó máa ń nu tábìlì, ìdí nìyẹn tí kọ́kọ́rọ́ fi wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Sà ní kí n gbálẹ̀ ni," ó dáhùn. "Wọn ò ní kí n kó èèyàn wọlé."

"A ó bá ọ gbá a," ni Precious, tó ṣe ìkẹta wọn, sọ tẹ̀ríntẹ̀rín. "Tá a bá gbálẹ̀ tán, a ó yẹ iyọ̀ kẹ́míkà méjì péré wò. Ta ló máa mọ̀?"

Ìdáraolúwa mọ̀ pé kò dára. Òfin láàbù wà lórí rẹ̀ bí Àdúrà Olúwa: di irun rẹ, wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, fi awò bo ojú, ṣí fèrèsé, má sì fọwọ́ kan ohunkóhun bí olùkọ́ kò bá sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Leah ni. Láti ìgbà tí ìyá Leah ti kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá láti etí òkun láti máa ta ẹja yíyan ní Okitipupa àti Àyèká ni àwọn méjèèjì ti jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Nọ́ọ̀sì ni Leah fẹ́ ṣe. Ó ti pinnu rẹ̀, ó sì ń sọ ọ́ fún ẹni tó béèrè àti ẹni tí kò béèrè. Práátíkà kẹ́místírì nìkan ló ń bà á lẹ́rù, nítorí ọwọ́ rẹ̀ máa ń gbọ̀n bó bá di ohun èlò mú lójú èèyàn.

Ojú àánú ni Ìdáraolúwa fi ṣílẹ̀kùn.

Wọ́n wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n sì pa gbogbo fèrèsé dé kí ẹni tó bá ń kọjá má baà rí wọn. Wọn kò rántí ilẹ̀ gbígbá mọ́. Leah tan àtùpà sípíríìtì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú iyọ̀ inú ọ̀pá dígí gbóná. Fún ìgbà díẹ̀, nǹkan ń lọ déédéé. Ọwọ́ Leah kò tiẹ̀ gbọ̀n. Ó ń rẹ́rìn-ín, inú Ìdáraolúwa sì dùn débi pé ó ń sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé ohun rere lòun ṣe.

Kò pẹ́ ni àtùpà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Iná rẹ̀ kéré, ó ń ta pàrà, ó fẹ́ kú.

Precious lọ gbé ìgò ńlá kan lórí pẹpẹ. Òjò tó jò láti òrùlé ti bó ìwé ara rẹ̀ dànù. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì yín imú.

"Sípíríìtì ni. Àmọ́ ó jọ pé wọ́n ti fomi là á bí àwọn ẹlẹ́bu kan ṣe ń ṣe sí ògógóró. Àbí ẹ ò rí bí iná yẹn ṣe ń ṣe ni?" Ó wá yíjú sí Ìdáraolúwa. "Ọmọ ẹlẹ́bu, ṣebí ẹnu iṣẹ́ yín la wà yìí? Dán an wò fún wa!"

Òótọ́ ni, ọmọ ẹlẹ́bu ni. Lucas, bàbá rẹ̀, ń fi ẹmu ògùrọ̀ se ògógóró ní ẹbu kan nínú àbàtà lẹ́yìn ìlú. Láti kékeré ni Ìdáraolúwa ti ń bá a kó igi, tó ń bá a ṣọ́ iná lábẹ́ àgbá. Bí oníbàárà bá dé tó ń ṣiyèméjì pé wọ́n ti bomi sí ọtí, Lucas kì í bá a jiyàn. Yóò bu díẹ̀, yóò wọ́n ọn sínú iná. Bí iná bá gbà á tó sì ràn yẹ́ẹ́, ọtí gidi ni. Bí ó bá ń dún ṣìì tí iná ń kú lọ, omi ti wọ̀ ọ́. Ìdáraolúwa fúnra rẹ̀ ti ṣe é lójú àwọn oníbàárà láìmọye ìgbà, wọ́n sì máa ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Orí ọmọ wú. Ó gba ìgò lọ́wọ́ Precious, ó ṣí ìdérí rẹ̀, ó sì wọ́n sípíríìtì láti ẹnu ìgò tààrà sórí iná àtùpà.

Kò tilẹ̀ ráyè wo bó ṣe ràn. Iná náà fò sókè, ó gba inú afẹ́fẹ́ wọ ẹnu ìgò, ìgò sì bú jáde bí ẹni tó pọ iná. Leah ló jókòó síwájú rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, láti ìka dé ìgùnpá, ni iná bá.

Leah ké igbe kan tí Ìdáraolúwa kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí.

Ìbẹ̀rù mú un, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sá. Ó fa Leah sílẹ̀, ó já kóòtù láàbù tó nípọn lára ìṣó, ó fi ká apá náà mọ́lẹ̀ títí iná fi kú. "Precious, yanrìn! Da yanrìn sórí tábìlì! Má da omi sí i!" Precious gbé korobá yanrìn, ó dà á lé iná tó ń jó lórí tábìlì, ó sì fò jáde, ó ń pariwo.

Ìdáraolúwa fa Leah lọ sábẹ́ ẹ̀rọ omi, ó ṣí i, ó sì di ìgùnpá rẹ̀ mú kí omi tútù máa ṣàn sórí ọwọ́ tó jó náà. Leah ń sunkún, ó ń jà kó lè fa ọwọ́ rẹ̀ yọ.

"Jọ̀ọ́, fara dà á, Leah. Omi ló yẹ. Omi ni Sà ní ká kọ́kọ́ lò."

Ibẹ̀ ni Precious ti padà dé pẹ̀lú Màmá Àrìnkẹ́, obìnrin tó ń ta oúnjẹ lẹ́nu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́. Abọ́ epo pupa wà lọ́wọ́ obìnrin náà. Ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ tí epo ti ń ṣàn bí omi, kò sí ohun tí wọn kì í fi í wò, láti orí ikọ́ ọmọdé dé orí májèlé.

"Gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò lábẹ́ omi!" Màmá Àrìnkẹ́ kígbe. "Omi á jẹ́ kó wú! Jẹ́ kí n fi epo pa á, ká tún fi iyọ̀ sí i."

"Rárá, mà. Ẹ má bínú, mà. Ẹ má fi epo sí i."

"Ìwọ ọmọ yìí! Èmi ni ò ń sọ fún pé rárá?"

Wọ́n ti kọ́ Ìdáraolúwa pé ọmọ gidi kì í já àgbà lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ó fi ara rẹ̀ dí Leah, kò kúrò. "Ẹ kúkú lù mí, mà. Epo á pa ooru náà mọ́ ọn lára ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wá ọkọ̀."

Obìnrin náà wò ó títí, ó gbé abọ́ epo sílẹ̀, ó sì sáré lọ dá ọkọ̀ dúró.

Ní ilé ìwòsàn ní Okitipupa, dókítà ní omi tútù náà ló gba ọ̀pọ̀ nínú ẹran ọwọ́ náà là. Ṣùgbọ́n awọ ìka ti jó jinlẹ̀. Bí ó bá ń sàn, ó lè fa àwọn ìka náà mọ́ra, kí wọ́n má sì lè nà mọ́.

"Ṣé yóò lè ṣe ìdánwò?" Ìdáraolúwa béèrè.

"N kò lè ṣèlérí," ni dókítà wí.

Ọ̀rọ̀ yìí ni Ìdáraolúwa gbé lọ sílé. Kò rí oúnjẹ jẹ.

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, kí agogo tó lù, Precious fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Mo ti ronú sí i. A ó sọ pé ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, pé Sà ló gbàgbé láti tì í. A ó ní àtùpà ló ṣubú. Leah náà ò ní jiyàn, òun ló kúkú bẹ̀ ọ́."

"Wọ́n á lé Sà lẹ́nu iṣẹ́."

"Wọ́n á kàn bá a wí ni. Ìwọ ńkọ́? Ṣé o fẹ́ kí wọ́n lé ọ nígbà tí ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀?"

Ìdáraolúwa rántí igbe Leah. Ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀. Kò yẹ kó tún lọ máa bá ẹni tí kò da nǹkan kan. Ó fi Precious sílẹ̀ níbẹ̀. Ó gba ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà lọ, níbi tí Ìyáàfin Olúfúnmilọ́lá ti ń fi ìbéèrè há Ọ̀gbẹ́ni Olúsànyà mọ́lẹ̀, ó sì kúnlẹ̀.

"Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn, mà. Èmi ni mo wọ́n sípíríìtì sí iná. Sà ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀."

Ó sọ gbogbo rẹ̀ láìdín, títí dé orí ẹbu bàbá rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Olúsànyà mí kanlẹ̀.

"Ìdára, omi ń bẹ nínú ògógóró bàbá rẹ, bó ti wù kó le tó. Ìta gbangba ni wọ́n sì ti ń wọ́n díẹ̀ sí iná. Sípíríìtì láàbù fẹ́rẹ̀ẹ́ má lómi rárá; èyí tó wà nínú àtùpà ló kàn ń tán lọ. Ẹ ti fèrèsé pa, gbogbo afẹ́fẹ́ tó ń tú jáde lára rẹ̀ ti kún inú yàrá. Ìgò odindi ló wà lọ́wọ́ rẹ. Ìmọ̀ tó o gbé ti ilé wá kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tó o gbé e dé."

Wọ́n gba ipò pírífẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì ní kó lọ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ojú tì í, ó sunkún. Nígbà tó nu ojú rẹ̀ tán, ilé Leah ló kọrí sí.

Ìyá Leah pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Kí lo tún ń wá? Ṣé ọwọ́ kejì lo fẹ́ bá mi sun?"

Ìdáraolúwa kúnlẹ̀. Wọ́n lé e, ó lọ. Ní ọjọ́ kejì ó tún dé, wọ́n tún lé e. Nígbà tó padà wá lọ́jọ́ kẹta, ìyá Leah mí kanlẹ̀, ó yẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà. "Wọlé. Omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ọmọ mi ṣì wà láàyè."

Dókítà ti ní bí egbò bá ti ń jinná, kí wọ́n máa na àwọn ìka náà lójoojúmọ́, ìbáà dunni. Iṣẹ́ yẹn ni Ìdáraolúwa gbà ṣe. Yóò di ọwọ́ Leah mú, yóò máa nà án lọ́kọ̀ọ̀kan. Leah á máa bú u, á máa pè é ní olórí burúkú, Ìdáraolúwa á ní, "Bú mi, kó o sì tún na èyí." Lọ́jọ́ mìíràn, àwọn méjèèjì á jọ sunkún. Wọn kò fi ọjọ́ kan sílẹ̀, kódà nígbà tí Ìdáraolúwa padà sí ilé-ẹ̀kọ́. Díẹ̀díẹ̀, Leah di ṣíbí mú. Nígbà tó yá, ó di bírò mú, ó kọ orúkọ rẹ̀ wọ́gọwọ̀gọ, ìyá rẹ̀ sì jó yí yàrá ká.

Ìdánwò práátíkà dé. Ọ̀gbẹ́ni Olúsànyà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo irun, bàtà àti awò ojú ẹnì kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó wọlé. Kò sí ẹni tó kùn. Láti tábìlì rẹ̀ ni Ìdáraolúwa ti ń wo Leah, kò sì lè ràn án lọ́wọ́. Leah gbé ọ̀pá dígí tí wọ́n fi ń wọn omi, ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fọ́. Leah ta kété sí àfọ́kù rẹ̀, ó nawọ́ sókè, ó dúró kí olùkọ́ wá gbá a kúrò. Lẹ́yìn náà ó gba òmíràn, ó fi ọwọ́ òsì gbé ọ̀tún ró, ó sì bẹ̀rẹ̀. Kó tó di pé wọ́n ní kí wọ́n dúró, omi inú ìgò rẹ̀ ti yí àwọ̀ padà bó ṣe yẹ.

Ìdáraolúwa dì mọ́ ọn níta. "O ṣe é! Leah, o ṣe é!"

"Mo ṣe é." Leah na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ síwájú. Àwọn ìka nà, àfi ọmọńdinrín tó ká kò mọ́ àtẹ́lẹwọ́. "Èyí ò ní nà mọ́, Ìdára. Dókítà ti sọ fún mi láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo ní kí n má tíì sọ fún ọ, kó o lè ráyè ka ìwé."

Ọ̀rọ̀ náà gún Ìdáraolúwa lọ́kàn ju gbogbo èébú tó ti gbọ́ lọ. Kò sí ẹ̀bẹ̀ tó lè na ìka yẹn.

Kí wọ́n tó fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ó tọ Ọ̀gbẹ́ni Olúsànyà lọ pé òun fẹ́ bá àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kẹ́místírì sọ̀rọ̀. Ó dúró níwájú wọn, ó sì ròyìn ohun tó ṣe, láìfi bò.

"Èmi rò pé nítorí pé mo mọ iná nílé, mo ti mọ̀ ọ́n níbi gbogbo," ó wí. "Òfin láàbù kì í ṣe láti dí yín lọ́wọ́. Ara yín ni wọ́n ń ṣọ́, àti ara ẹni tó jókòó tì yín. Tí ọ̀rẹ́ yín bá bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ rú u, ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ràn yẹn gan-an lẹ máa kọ́kọ́ pa lára."

Ọmọkùnrin kékeré kan nawọ́. "Ẹ̀gbọ́n, tí Sà ò bá sí níbẹ̀, tí ìdánwò sì ti sún mọ́ ńkọ́?"

"Ẹ ti ilẹ̀kùn," Ìdáraolúwa dáhùn, "kẹ́ ẹ sì máa lọ sílé."