Ọjọ́ Kẹsàn-án Odì

Orin ni Awóníyì ń kọ lọ́jọ́ tí Phebe kọ́kọ́ rí i níbi ìkórè ìjọ ní Iléṣà. Ohùn rẹ̀ gba gbogbo ilé Ọlọ́run kan. Nígbà tí wọ́n jáde, ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín sí i.

"Bùọ̀dá, ṣé ẹ fẹ́ ṣí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì wa ni?"

"Bí ó bá ṣí, èmi ni n ó tún un kàn. Kí ni oríkì rẹ?"

"Àgbékẹ́."

"Àkànó ni tèmi. Má gbàgbé o."

Kò gbàgbé. Àwọn ará ilé rẹ̀ kùn pé ọmọ ọlọ́ṣun ará Òṣogbo ni, ṣùgbọ́n Phebe fẹ́ràn rẹ̀ kọjá ìkùnsínú. Ní 1954, wọ́n ṣègbéyàwó, wọ́n sì ń gbé lọ́dọ̀ Àpìkẹ́, ìyá Awóníyì, ní Òkè Baálẹ̀, ní Òṣogbo. Pásítọ̀ tó so wọ́n pọ̀ kìlọ̀ pé oòrùn kò gbọdọ̀ wọ̀ bá ìbínú wọn. Wọ́n ṣe àmín. Àmín kì í ṣòro lẹ́nu ìyàwó tuntun.

Ọdún méjì kọjá, oyún kò dúró. Àpìkẹ́ pọn omi Ọ̀ṣun, ó ní kí ìyàwó máa mu ún. Awóníyì tó jẹ́ olùkọ́ ìjọ gbà á, kò sọ fún Phebe, ó kàn gbé e sí igun yàrá. Phebe rí i, kò béèrè, ó dà á nù. Ọkọ rẹ̀ rí i pé omi ti lọ, òun náà kò béèrè. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yan ara wọn lódì nìyẹn.

Ògiri ni Phebe wá ń bá sọ̀rọ̀. "Ògiri, ẹni tí ebi bá ń pa, oúnjẹ wà lórí tábìlì o." Bí ó bá ti yanu báyìí, Awóníyì á gbé orin sókè, á fi bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Orin tó fi fẹ́ ẹ náà ni. Ó dun Phebe wọra, ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ́kọ́ túúbá?

Lọ́jọ́ kẹjọ, Àpìkẹ́ pè é sẹ́yìn ilé.

"Ìyàwó mi, ṣé torí omi tèmi náà ni? Bí a ò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a ò ní rẹ́ni bá ṣeré. Lọ bá ọkọ rẹ sọ̀rọ̀."

"Ìyá, ẹ jẹ́ kí àwọn náà kọ́kọ́ sọ."

Àpìkẹ́ mi orí. "Ilé yìí ti ń bà mí lẹ́rù."

Ọjọ́ kejì, Sátidé, òjò ńlá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Lójú ọ̀nà odò, Phebe pàdé àwọn obìnrin tó fẹ́ lọ tajà ní Ìbòkun, tí wọ́n ṣẹ́rí padà. Wọ́n ní àgbàrá ti wọ́ ẹsẹ̀ afárá lọ. Pákó orí rẹ̀ ṣì tẹ́ bí ẹni pé nǹkan ò ṣe é, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gùn ún, odò ló ń lọ. Ìbòkun ni Awóníyì sì máa ń gun kẹ̀kẹ́ lọ ní Sátidé, láti kọ́ àwọn onígbàgbọ́ tuntun. Phebe sáré délé.

Awóníyì ń de àpò ìwé mọ́ kẹ̀kẹ́. "Àkànó" ti dé ètè Phebe. Ó wo ojú ọkọ rẹ̀, ojú náà le koko, ni ìgbéraga bá dì í lẹ́nu mú. Ó kọjú sí ògiri.

"Ògiri, ẹni tó bá ń lọ Ìbòkun..."

Awóníyì gbé orin.

"Afárá ibẹ̀ ti bàjẹ́ o!"

Orin náà ròkè sí i. Ó gun kẹ̀kẹ́, ó lọ.

Ìgbà yẹn ni Phebe tó sáré. "Àkànó! Àkànó mi, ẹ dúró!" Ó sáré dé ìsàlẹ̀ òkè. Orin ló ń gbọ́ níwájú, títí kò fi gbọ́ ọ mọ́.

Orí ilẹ̀kùn ni àwọn ará Ìbòkun gbé òkú rẹ̀ lé wá sílé lọ́sàn-án. Àpìkẹ́ ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Phebe ò ké. Ó jókòó tì í, ó kọjú sí i, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Àkànó, èmi Àgbékẹ́ ni. Ẹ̀rù ló bà mí pé ẹ ti kà mí sí àgàn. Ohun tí mo fẹ́ sọ láti ọjọ́ kìíní nìyẹn. Ẹ forí jì mí."

Ó sọ ọ́, ó tún un sọ, títí oòrùn fi wọ̀. Awóníyì ò kọrin.