Ọwọ́ Tó Ń Tú Páìpù

Bàtà ni Nìmọ́tà kọ́kọ́ rí, bàtà dúdú tó ń dán gbinrin, kó tó rí ẹni tó wọ̀ ọ́. Inú kòtò ló wà, ní ẹ̀yìnkùlé ilé kan ní Máfolúkù, kòtò onísìmẹ́ńtì tí gbogbo páìpù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ilé náà ti ń pàdé. Orí àti èjìká rẹ̀ nìkan ló yọ sókè. Omi ẹlẹ́gbin ti ṣàn bo ilẹ̀ yíká, bàtà náà sì ń bọ̀ tààrà.

"Ẹ dúró o! Ẹ má tẹ ibẹ̀ yẹn!"

Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rì wọlẹ̀, gbọ̀ọ́, ó rì dé ọrùn ẹsẹ̀. Nìmọ́tà gbójú sókè, ó ń retí èébú, nítorí ó mọ àwọn ọmọ onílé dáadáa. Ọkùnrin gíga kan ló rí, adúmáadán, tó wọ ẹ̀wù òṣìṣẹ́ pápákọ̀ òfurufú. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo Nìmọ́tà, ló bá bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Bẹ́ ẹ ṣe ń kí àlejò káàbọ̀ nìyí?"

"Mo ní kẹ́ ẹ dúró, ẹ ò dúró."

"Ojú yín ni mò ń wò, mi ò wo ilẹ̀."

Yéè! Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀! Obìnrin tó wà nínú ìdọ̀tí dé orúnkún, tó fi ọ̀rá wé orí, ni ọkùnrin ń sọ irú èyí fún. Nìmọ́tà yára dojú kọ páìpù bíi pé kò gbọ́.

Nimotallahi ni bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ọmọ Ìkìrun ni bàbá náà, Ìsọlọ̀ ló ti ṣe iṣẹ́ páìpù títí ọlọ́jọ́ fi dé, kò sì bí ọkùnrin. Nìmọ́tà ló jogún àpótí irinṣẹ́. Tí wọ́n bá ránṣẹ́ pè é, tí wọ́n rí i pé obìnrin ni, wọ́n á máa wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ọ̀gá ṣì ń bọ̀. Kò sí ọ̀gá kankan lẹ́yìn. Òun ni ọ̀gá.

Wáyà gígùn tó tì sínú páìpù kọ́ nǹkan kan. Ó fà á, ó fà á, nǹkan náà sì jáde, ó gùn, ó lọ́ mọ́ra bí irun tí wọn ò yà láti ọdún tó kọjá.

"Kí lèyí?" ọkùnrin náà béèrè. Dáúdà lorúkọ rẹ̀, òun ni ọmọ kan ṣoṣo tí onílé bí.

"Wáìpù ni. Aṣọ pélébé olómi tí wọ́n fi ń nu ìdí ọmọ. Ẹnì kan nínú ilé yìí ń jù ú sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó ń fi omi lé e lọ. Ibí ló ń parí sí."

Fèrèsé òkè ṣí gbà. Àlàájà Rùkáyátù, ìyá Dáúdà, yọ orí síta. "Ìyá Lará ni! Ta ló tún ní ọmọ ọwọ́ nínú ilé yìí?"

Ìyá Lará, ayálégbé ìsàlẹ̀, sáré jáde tòun tọmọ lẹ́yìn. "Àlàájà, ẹ má pa mí o! Inú ọ̀rá ni mò ń di tèmi sí, kólẹ̀kódọ̀tí ló ń kó o!"

Àlàájà ti pa fèrèsé dé.

"Àmọ́," Dáúdà ní, "wọ́n kọ ọ́ sára ọ̀rá wáìpù mìíràn pé èèyàn lè fi omi lé e lọ. Mo ti kà á rí."

"Ẹ̀gbọ́n, gbogbo ohun tó bá gba ihò yẹn lomi máa lé lọ. Fóònù yín pàápàá, omi á lé e lọ. Ibi tó máa há sí ni wọn ò kọ síbẹ̀."

"Mi ò gbà. Ṣebí bíi bébà ni, á yọ́."

"Ẹ dán an wò. Ẹ bu omi síke méjì. Ẹ ju bébà ìnùdí sí ọ̀kan, ẹ ju wáìpù sí ìkejì, kẹ́ ẹ rò ó bí ẹni ro ògì. Tó bá dọ̀la, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ rí fún mi."

"Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́? Mi ò ní nọ́ńbà yín."

Họ́wù! Òun fúnra rẹ̀ ló la ọ̀nà fún un. Nìmọ́tà rẹ́rìn-ín títí ọ̀rá orí rẹ̀ fi fẹ́ bọ́, ó sì ka nọ́ńbà náà fún un, ẹ̀ẹ̀mejì, kó má baà ṣì í kọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kò tíì fọ ẹnu tán tí fóònù fi dún.

"Bébà ti yọ́. Ó ti dà bí ẹ̀kọ mímu."

"Wáìpù ńkọ́?"

"Mo fọ̀ ọ́, mo sá a sórí okùn. Ó ti gbẹ. Ó kù díẹ̀ kí n fi nujú."

"Ẹ má fi nujú o!"

"Ó dáa, ẹ ti borí. Kí ni kí n san?"

"Àgbàdo sísè. Pẹ̀lú àgbọn."

Dáúdà gbé e dé Ìsọlọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, ó ṣì gbóná. Wọ́n jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù Nìmọ́tà, wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọn ò sì rántí dìde. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, "ẹ" ti di "o", "ẹ̀gbọ́n" ti di "olólùfẹ́ mi". Ní Sátidé kan, Dáúdà tẹ̀ lé e lọ ibi iṣẹ́ ní Àjàó Estate, ó ń bá a di tọ́ọ̀ṣì mú lábẹ́ bẹ́síìnì.

"Ẹrù ẹlẹ́rù lèmi ń gbé ní pápákọ̀," ó ní. "Ìdọ̀tí ẹlẹ́gbin nìwọ ń kó. Nìmọ́tà, ó yẹ ká jọ ní tiwa."

"Tọ́ọ̀ṣì ẹ ò dúró sójú kan."

"Ọwọ́ mi ló ń gbọ̀n. Fẹ́ mi."

Ayọ̀ náà pọ̀ débi pé Nìmọ́tà fi sípánà gbá ara rẹ̀ ní àtàǹpàkò. Ó ní òun gbà. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

Ó wá ku ìyá. Nìmọ́tà se mọ́ín-mọ́ín eléwé, ó fi ẹyin àti ẹja sí i, ó gbé e dé Máfolúkù nínú kúlà. Ó kúnlẹ̀, ó kí Àlàájà dáadáa. Àlàájà wo kúlà náà. Ó wo ọwọ́ tó gbé e wá.

"Ṣé ìwọ lo wà nínú kòtò mi lọ́jọ́sí?"

"Èmi ni, mà."

"Ọwọ́ yìí náà lo fi pọ́n mọ́ín-mọ́ín?" Àlàájà fi ọwọ́ ọ̀tún ti kúlà sẹ́yìn. "Ọwọ́ tó ń ti inú ìgbẹ́ ẹni ẹlẹ́ni bọ̀ ò ní bọ́ mi. Dáúdà, gbé e fún un kó máa gbé e lọ."

Dáúdà bá ìyá rẹ̀ jà lọ́jọ́ náà, ó ní bó fẹ́, bó kọ̀, òun á fẹ́ ẹ. Nìmọ́tà ló dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹkún ti gbọ̀n ọ́n, àmọ́ ohùn rẹ̀ ò yẹ̀. "Mi ò ní wọ ilé tí ìyá ọkọ ò ti lè fọwọ́ kan oúnjẹ mi. Ìyá kan ṣoṣo lo ní. Máa lọ." Láti ọjọ́ yẹn, kò gbé ìpè rẹ̀ mọ́. Ó dùn ún wọ eegun. Tó bá rí àgbàdo lójú pópó, á gba ọ̀nà mìíràn.

Ó tó oṣù méjì. Ní Sátidé kan láàárọ̀, fóònù dún, nọ́ńbà àjèjì.

"Nìmọ́tà, jọ̀ọ́ má gé e. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹ́, ọ̀rọ̀ páìpù ni."

"Ó tún ti dí?"

"Ó tún ti dí. Màámi ní Ìyá Lará ni, wọ́n ní kó kó jáde lónìí. Ó ti ń kó ẹrù. Ọmọ ń ké. Kò síbi tó ń lọ. Àfi kó o wá wò ó."

Nìmọ́tà ti ń bọ ṣòkòtò iṣẹ́ wọ̀. Kẹ̀kẹ́ Márúwá tó wọ̀ ò yára tó lójú rẹ̀, ó fẹ́ẹ̀ bọ́ sílẹ̀ kó tì í.

Bùrọ́ọ̀ṣì, ìkòkò àti bẹ́ẹ̀dì ọmọ ti wà ní gbangba nígbà tó dé. Ìyá Lará jókòó ti ẹrù rẹ̀, ojú rẹ̀ ti wú. Nìmọ́tà ò wo Dáúdà lójú, nítorí ó mọ ara rẹ̀. Ó ṣí kòtò, ó wọ̀ ọ́.

Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, omi ti kún kọjá ohun téèyàn lè rí. Lónìí, kòtò ò kún. Ẹnu páìpù mẹ́ta ló hàn kedere. Ti Ìyá Lará mọ́. Ti ayálégbé kejì mọ́. Ẹ̀kẹta, tó ti òkè sọ̀ kalẹ̀ láti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ Àlàájà fúnra rẹ̀, wáìpù dí i ní ẹnu gbagidi.

Háà!

Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù. Kó na ìka sókè, kó pariwo rẹ̀ fún gbogbo àdúgbò, obìnrin tó dá mọ́ín-mọ́ín padà á fi ojú gba ìtìjú lọ́sàn-án gangan. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ó wu Nìmọ́tà. Ó wù ú gan-an. Ó gbójú sókè sí fèrèsé, ó rí Àlàájà níbẹ̀, ojú ìyá náà ti funfun, ọwọ́ ọ̀tún ló fi di ti òsì mú sáyà. Nígbà náà ló rántí pé ọwọ́ òsì yẹn ò gbéra nígbà kan rí lójú òun.

"Níbo ló ti wá?" Dáúdà béèrè.

"Mi ò tíì parí. Mo fẹ́ wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ òkè. Èmi àti Àlàájà nìkan."

Àlàájà tilẹ̀kùn mọ́ra wọn. "Sọ ọ́. Mo mọ̀ pé o ti rí i. Lọ sọ fún wọn, ṣebí mo bú ẹ."

"Ìyá, kí ló ṣe ọwọ́ yín?"

Ìyá náà jókòó sórí àpótí, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀. "Láti ìgbà tí mo ti ṣubú ní ọjà Aswani, láàárín ààwẹ̀ tó kọjá. Àwọn ìka ò mọ nǹkan kan mọ́. Ọwọ́ òsì la fi ń ṣan ìdí. Ọ̀tún ni mo fi ń jẹun, mi ò lè fi kan ibẹ̀ lásán, àfi kí nǹkan wà láàárín. Mo wá ń ra wáìpù. Tí mo bá jù ú sínú ike ìdọ̀tí, Dáúdà ló ń dà á nù. Ṣé kí ọmọ mi ọkùnrin máa rí i ni?"

Omi bọ́ lójú Nìmọ́tà. Ó kúnlẹ̀. "Mi ò ní sọ pé ẹ̀yin ni, mà. Kódà mi ò ní sọ fún Dáúdà. Àmọ́ mo máa sọ fún wọn pé kì í ṣe Ìyá Lará."

"Tí wọ́n bá bi ẹ́ pé ta ni ńkọ́?"

"Màá ní kí wọ́n bi páìpù."

Ló bá sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi àpótí irinṣẹ́, ó sì gbé rọ́bà omi kékeré kan gòkè, irú èyí tí Àlàájà rí ní Mẹ́kà, téèyàn ń tẹ̀ tí omi ń tú jáde láti fi ṣan ìdí. Ó so ó mọ́ páìpù omi, lápá ọ̀tún ibi ìgbọ̀nsẹ̀. Àlàájà dì í mú, ó tẹ̀ ẹ́, omi tú ṣàà. Kò sí ọwọ́ tó máa kan nǹkan kan. Ìyá náà tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún.

Nígbà tí Nìmọ́tà tú páìpù náà tán, tó ń kó irinṣẹ́ jọ, Àlàájà ti wà nísàlẹ̀.

"Ìyá Lará, kó ẹrù ẹ wọlé. Èmi ni."

Gbogbo ilé yíjú sí i.

"Èmi ni mo ń ju wáìpù. Ọwọ́ mi ló kú, ojú ló tì mí, mo wá gbé e kọ́ ẹ lọ́rùn. Forí jì mí." Ó fẹ́ kúnlẹ̀. Ìyá Lará fò dìde, ó gbá a mú, àwọn méjèèjì sì ń sunkún.

"Màámi, ẹ ò sọ fún mi!"

"Ìwọ ọkùnrin, kí ni mo fẹ́ sọ fún ẹ? Bu omi, kó o fọ ẹ̀yìnkùlé." Ó wá yíjú sí Nìmọ́tà. "Ìwọ, ọmọ yìí, lọ fọwọ́. O ò tíì jẹun."

Nìmọ́tà fọwọ́, kò sì sẹ́ni tó mọ ọwọ́ fọ̀ bí oníṣẹ́ páìpù. Nígbà tó dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀bà wà nílẹ̀ pẹ̀lú ilá, nínú abọ́ kan ṣoṣo.

"Ẹ jẹ́ kí n bu tèmi lọ́tọ̀, mà."

"Lọ́tọ̀ kẹ̀? Ta ló bá ẹ jà? Jókòó."

Ọwọ́ méjèèjì wọ inú abọ́ kan náà. Nìmọ́tà bu òkèlè kékeré. Àlàájà ya ẹran, ó tì í síwájú rẹ̀.

"Mọ́ín-mọ́ín ọjọ́ yẹn, ẹyin wà nínú ẹ̀, àbí?"

"Ẹyin wà nínú ẹ̀, mà. Ẹja náà wà níbẹ̀."

"Mo mọ̀. Òórùn ẹ̀ ò jẹ́ kí n gbádùn. Gbé òmíràn wá." Ó lá ìka rẹ̀. "Ìgbà wo ni ká wá rí ẹbí ẹ ní Ìkìrun?"

Ariwo ayọ̀ sọ lẹ́yìnkùlé. Dáúdà ti gbọ́! Wọ́n gbọ́ bó ṣe ju korobá nù, wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń sáré bọ̀, lẹ́yìn náà wọ́n gbọ́ "gbọ̀ọ́."

"Sátidé tó ń bọ̀, mà," Nìmọ́tà dáhùn, ẹ̀rín ti fẹ́ pa á. "Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ra bàtà mìíràn fún un kó tó dé iwájú wọn."