Fíìmù Àwọn Ará Sweden Nílé Ẹ̀gbọ́n Mùráínà

Àárín àwọn fíríìjì àlòkù ni Akóredé ti kọ́kọ́ rí Azeezat, ní wiaháósì tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Sharjah. Ọmọge jókòó sórí táyà, ó ṣí agolo pẹlẹbẹ kan, ó ń gbóòórùn inú ẹ̀. Ẹwà ọmọ náà, áà! Akóredé gbàgbé pé fíríìjì wà léjìká òun.

"Sister, kò sóúnjẹ níbẹ̀ o."

"Ta ló ń wá oúnjẹ? Fíìmù ni. Tó bá ti ń kan, ó ti ń bàjẹ́ nìyẹn. Èyí ò kan rárá!"

Ṣọ́ọ̀bù nǹkan àtijọ́ ni Azeezat ti ń ṣiṣẹ́ ní Dubai, ọjà ló wá ṣà níbẹ̀. Ó ní fíìmù àwọn àgbẹ̀ Sweden ni, láti ayé tí fíìmù ò tíì máa sọ̀rọ̀. Àwọn tó ń kó irú ẹ̀ jọ lè torí ẹ̀ wọ bàálù, torí ó lè jẹ́ òun nìkan ló kù láyé. Òyìnbó kan tó sá lọ nígbà tí ọrọ̀ ajé Dubai dẹnu kọlẹ̀ ló fi í sílẹ̀, tòun tẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wò ó. Akóredé bẹ ọ̀gá ẹ̀, ó gba méjèèjì fún un.

"Habibti, olólùfẹ́ mi, o ò wá ní tà á?" ni Akóredé bi í.

"Kí n ta ohun tó mú mi mọ̀ ẹ́? Orí ẹ ò pé!"

Bí ìfẹ́ ṣe wọ̀ wọ́n lára nìyẹn. Àfi bí ṣọ́ọ̀bù ṣe kógbá sílé, tí visa Azeezat fẹ́ tán. Mùráínà ẹ̀gbọ́n ẹ̀, tí Azeezat ń gbé nílé ẹ̀ ní Hor Al Anz ní Dubai, ní kó máa palẹ̀ ẹrù mọ́, ilé yá. Azeezat ní òun ti rọ́kọ. Ọkọ wo? Eléyìí tó ń gbé fíríìjì? Khalas, ọ̀rọ̀ parí!

"Wá bá wa wo fíìmù ní Jímọ̀," ni Azeezat wí. "Tínú Ẹ̀gbọ́n bá ti dùn, kó o sọ tẹnu ẹ."

Wọ́n ta bẹ́ẹ̀dṣíìtì mọ́ ògiri. Nínú àwòrán, lébìrà oko kan lọ tọrọ ọmọ ọ̀gá ẹ̀. Ó di fìlà mú, ó dúró gbọnrangandan. Inú bí Ẹ̀gbọ́n Mùráínà.

"Aláìlẹ́kọ̀ọ́! Ṣé bí wọ́n ṣe ń tọrọ ọmọ nìyẹn? Dọ̀bálẹ̀ jàre!"

Gbì! Akóredé ti wà nílẹ̀ gbalaja.

"Ìwọ kọ́ ni mò ń bá wí!"

"Ẹ má bínú sà. Ṣùgbọ́n mo ti dọ̀bálẹ̀ náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá Azeezat padà. Mo nífẹ̀ẹ́ ẹ̀, mo fẹ́ fi ṣaya."

Ẹ̀rín pa Azeezat, omijé tẹ̀ lé e. Ó wá kúnlẹ̀ ti ọkùnrin náà.

Lára ògiri, bàbá ará Sweden nawọ́ sí ilẹ̀kùn, ó ní kí lébìrà jáde. Ọmọbìnrin ẹ̀ bú sẹ́kún. Ẹ̀gbọ́n Mùráínà wò wọ́n, ó wo àwọn tó wà nílẹ̀, ó pòṣé.

"Bàbá yìí mà burú o. Èmi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ dìde, ẹ ń dí mi lójú. Tó bá dọ̀la, a ó jọ pe Bàbá wa nílé."