Kí Ọbẹ̀ Ó Tó Tutù

Inú kẹ̀kẹ́ tó ń ti Ọ̀fà lọ sí Ìjàgbò ni mo ti pàdé Hàlímàt. Mo fẹ́ kó mọ̀ pé ọkùnrin tó ti rí ayé ló jókòó tì í, mo bá gbóhùn sókè.

"Ìlọrin sí Àbújá? Nínú bàálù, wákàtí mẹ́ta gbáko ni!"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé bàálù tiyín ń dúró gbé èrò lójú ọ̀nà ni? Kì í tó wákàtí kan, bùrọ̀dá."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Èmi tí mò ń wà á ni."

Oníkẹ̀kẹ́ yíjú wò ó, díẹ̀ ló kù ká já sí gọ́tà. Èmi Gàníyù, tíṣà tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà lóòótọ́, àmọ́ lọ́jọ́ náà, ọmọ Ìjàgbò ló dá mi mọ́lẹ̀ gbì!

Nígbà tí mo sọ fún Màámi, Alhaja Àṣàbí, pé ará Ìjàgbò ni olólùfẹ́ mi, ijó ni wọ́n bẹ́ sí. "Nítòsí ibí! Bí mo bá sín, ìyàwó mi á gbọ́!"

"Àbújá ló ń gbé, Màámi. Bàálù ló ń wà."

Ijó dúró. "Ṣé ojú sánmà ni n ó máa wò kí n tó kí ìyàwó mi? Rárá o!"

Hàlímàt fúnra rẹ̀ pè wọ́n lórí fóònù. "Mo kúnlẹ̀ o, mà."

"Ta ló rí ẹ?" Màámi ní. "Ó dáa. Ìwọ àti ọbẹ̀ mi lẹ ó jọ jìjàkadì. Lọ́jọ́ tí mo bá pè ọ́, bí ọbẹ̀ bá fi tutù kí o tó dé, gbàgbé ọmọ mi."

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan ni wọ́n pè é. "Mo ti sọ ọbẹ̀ kalẹ̀ o!"

Hàlímàt wọ bàálù bí èrò yòókù. Kíá, ó ti balẹ̀ sí Ìlọrin. Ilẹ̀ ló wá dì í lẹ́sẹ̀ mú: táyà mọ́tò tó ń gbé e bọ̀ l'Ọ̀fà bẹ́. Nígbà tó fi sọ̀ lórí ọ̀kadà, eruku ti bò ó. Ọbẹ̀ wo ni kò ní tíì tutù? Gbogbo àdúgbò ló pé jọ síwájú ilé wa.

Màámi le ojú koko. Wọ́n ṣí ìkòkò.

Èéfín gbà wá lójú!

"Ẹ rí i?" Màámi pariwo. "Ìyàwó mi fò bí àṣá, ó dé kí ọbẹ̀ ó tó tutù!"

Roseline, aládùúgbò wa, yọ́ ọ̀rọ̀ sí mi létí. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gbé e padà sórí sítóòfù. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń pè wá pé ká wá wo ìyàwó àwọn, ẹni tó ń wa bàálù. Ṣé ojú wa ni wọ́n á ti wá jẹ́ kó pàdánù?"

Mo kàn ń wo ìyá mi, orí mi ń wú.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, Màámi ò jẹ́ kí ẹlòmíì fọwọ́ kan igbá omi. Lẹ́nu ọ̀nà ilé wa, àwọn fúnra wọn ló wẹ ẹsẹ̀ ìyàwó. "Ẹ̀yin ará Ọ̀fà, ẹ wo ẹsẹ̀ yìí dáadáa! Ojú sánmà ló ti ń bọ̀!"

Hàlímàt rẹ́rìn-ín. "Omi yìí mà lọ́ wọ́rọ́wọ́, Màámi."

"Orí iná ni mo fi í sí títí o fi dé, ìyàwó mi."